Ẹ̀yìn Ìwé Tó Bàjẹ́

Ọjọ́ tí Mẹ́sẹ́njà ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ gan-an ni wọ́n na èèyàn lójú rẹ̀. Kò tíì gbé tábìlì wọlé tán. Òun di ẹsẹ̀ tábìlì mú níbí, ọmọ rẹ̀ obìnrin di í mú lọ́hùn-ún, wọ́n ń fẹ̀gbẹ́ rìn wọlé bí akàn, nígbà tí igbe ta lójúde. Ọkùnrin kan ló wà nílẹ̀ tó fi apá méjèèjì bo orí. Ẹni tó dúró lé e lórí ti yọ bẹ́líìtì ìdí ara rẹ̀, ó wé etí rẹ̀ kan mọ́ ọwọ́, ó jẹ́ kí etí tó nírin máa ṣiṣẹ́. Gbà! Gbà! Ibi tí irin yẹn bá ti bà, ara á kọ́kọ́ funfun, kó tó rántí pé òun ní ẹ̀jẹ̀ nínú.

"Ìwọ lo ní o ò ní í kó jáde? Nínú ilé onílé?"

Kò sẹ́ni tó dá sí i. Obìnrin tó ń ta bàtà pa ìlẹ̀kùn rẹ̀ dé. Ọkùnrin tó ń tún aago ṣe tẹjú mọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé àkókò fẹ́ sá jáde nínú rẹ̀. Mẹ́sẹ́njà náà gbé tábìlì rẹ̀ wọlé.

"Bàbá, ṣé ẹ rí nǹkan tí wọ́n ń ṣe?"

"Mi ò rí nǹkan kan. Ìwọ náà ò rí nǹkan kan, Màámi. Gbé e sápá ọ̀tún, kí wáyà iná lè dé ibẹ̀."

Ẹ má dá a lẹ́bi. Ẹ̀rù àti òun, bí ìbejì ni wọ́n ṣe jọ dàgbà. Ọdún méjìlélógún ló fi ṣe mẹ́sẹ́njà ní ọ́fíìsì ńlá kan, tó ń gbé lẹ́tà láti yàrá dé yàrá, láti òpópónà dé òpópónà, tí kò sì sọ ẹyọ kan nù rí. Kì í ṣe akin ló fi ṣe é. Ẹni tí ẹ̀rù ọ̀gá ń bà kì í yà sílé ọtí. Ìwé mẹ́rin péré ló kà nílé-ẹ̀kọ́. Bó bá ń kàwé, ìka rẹ̀ ló máa ń ṣáájú, ẹnu á tẹ̀lé e, òye á wá máa tiro bọ̀ lẹ́yìn wọn.

Nígbà tí ọ́fíìsì náà kógbá sílé, wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan mú ohun kan nínú ẹrù àtijọ́, kó fi ṣe ẹ̀bùn ìdágbére. Ẹnìkan mú àga onírọ̀gbọ̀kú. Ẹnìkan mú fíríìjì. Mẹ́sẹ́njà nawọ́ sí ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì tí eruku ti bò lábẹ́ àtẹ̀gùn, wọ́n sì fi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọn ò mọ̀ pé ó ti ń rò ó láti ọjọ́ pípẹ́. Ní gbogbo òpópónà tó ti ń rìn, ó ti rí àwọn ọ́fíìsì kéékèèké tí ò ní akọ̀wé: dókítà eléyín, ẹni tó ń ya àwòrán ilé, agbẹjọ́rò tí kò ní ju àga méjì lọ. Ta ló ń bá wọn tẹ̀wé? Ta ló ń bá wọn di ìwé pọ̀, tó ń bá wọn gbé lẹ́tà lọ síbi tó ń lọ? Ó ní òun àti ọmọ òun ni yóò máa ṣe é. Màámi ló ń pe ọmọ náà, nítorí pé ojú ìyá Mẹ́sẹ́njà ló gbé wáyé. Ìyá tó bí ọmọ gan-an ti kú. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni, ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sì ń rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà bí òjò lórí páànù. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá yẹn ni ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rọ kàn ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni.

Yàrá kan ṣoṣo ni, àtẹ̀gùn mẹ́ta níwájú, ilẹ̀kùn onírin. Wọ́n to ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sórí tábìlì, ẹ̀rọ ìgéwèé sẹ́nu ọ̀nà, èyí tó ní abẹ gígùn bí apá tí wọ́n ń fà wálẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́. Lábẹ́ tábìlì, páálí kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ti Mẹ́sẹ́njà fúnra rẹ̀. Ní ọ́fíìsì àtijọ́, akọ̀wé àgbà kan ló kọ́ ọ pé ìwé tó bàjẹ́ níwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Gbogbo ẹ̀dà tó bá jáde wíwọ́ tàbí tó bá fà, inú páálí ló ń sọ ọ́ sí. Bí wọ́n bá tẹ̀wé fún oníbàárà, tó kọ́kọ́ fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àṣìṣe wà níbẹ̀, ẹ̀yìn ìwé inú páálí ni wọ́n ń tẹ àyẹ̀wò náà sí.

"Bàbá, ìwé ẹlòmíràn ló wà lójú kejì o," ni Màámi wí.

"Ta ló ń wo ẹ̀yìn ìwé?"

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ọkùnrin tó na èèyàn lọ́jọ́sí gun àtẹ̀gùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bẹ́líìtì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, kò sì bínú sí i. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa lé èèyàn jáde nílé, yálà ilé náà jẹ́ ti ẹni tó rán an tàbí kò jẹ́. Ó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Màámi ti gbé lẹ́tà dókítà eléyín lọ. Mẹ́sẹ́njà nìkan ló wà níbẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀dà mẹ́wàá ni. Ẹ̀rọ yín yìí, ṣé ó mọ ẹnu pa mọ́?"

"Ọ̀gá, ẹ̀rọ... ẹ̀rọ ò ní ẹnu."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Èmi náà ò ní, ọ̀gá."

Bẹ́líìtì rẹ́rìn-ín. Mẹ́sẹ́njà bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé ó tẹ́ ìwé náà ní wíwọ́ sórí gíláàsì. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ jáde láìlórí: ìlà méjì òkè ti gé kúrò, ìyókù fara balẹ̀ sórí ìwé, títí dé ìtẹ̀ka dúdú tó wà nísàlẹ̀. Ó tún un tẹ́. Mẹ́wàá tó dára jáde tẹ̀lé ara wọn, Bẹ́líìtì kà wọ́n, ó ká wọn.

"Kò sí èyí tó ṣẹ́kù sí yín lọ́wọ́ o?"

"Kò sí, ọ̀gá."

Kì í ṣe pé ó parọ́. Lọ́kàn rẹ̀, ìwé tó wọ́ kì í ṣe ẹ̀dà. Ó ti di ẹ̀yìn ìwé.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Káfíńtà wá. Àgbàlagbà ni, ó ní ilé kan ṣoṣo lẹ́yìn òpópónà, òun ló kọ́ ọ, òun ló ń gbé ibẹ̀, ibẹ̀ náà ló ti ń kan àga. Ìka mẹ́rin ló fi gba bírò, nítorí pé àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti bá ayùn lọ láti ìgbà èwe.

"Kò sóhun tó ń bà ọ́ lẹ́rù nínú rẹ̀, ọmọ," ló wí fún Màámi, nígbà tó rí i pé ó ń wo ọwọ́ òun. "Gígé ni iṣẹ́ ayùn. Kì í béèrè bóyá igi ni."

Lẹ́tà sí ilé-ẹ̀kọ́ kan ló fẹ́, nípa àga tí wọ́n ní kó kàn fún wọn. Màámi tẹ̀ ẹ́. Bàbá Káfíńtà ní kí wọ́n fún òun ní àyẹ̀wò, òun á lọ kà á nílé, ibẹ̀ ni awò ojú òun wà. Mẹ́sẹ́njà bẹ̀rẹ̀, ó mú ìwé tó wà lókè pátápátá nínú páálí, ó kì í bọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

Bàbá Káfíńtà délé, ó ka lẹ́tà rẹ̀ tán, ó rí i pé ó dára. Ìgbà tó fẹ́ fi í sílẹ̀ ló rí ìwé kejì lẹ́yìn rẹ̀. Ìwé náà sọ pé òun, káfíńtà, onílé báyìí-báyìí, ti ta ilé òun fún Bẹ́líìtì, òun sì tẹ àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún òun sísàlẹ̀ láti fi jẹ́rìí.

Ẹ bá mi wo àgbàlagbà yìí! Ká ní ó dákẹ́, kó wọ bàtà, kó gbọ̀nà kọ́ọ̀tù lọ. Ojúde Bẹ́líìtì ló gbà lọ, tó ń ju ìwé náà sókè.

"Ẹ bá mi wá a o! Ẹni tó bá rí àtàǹpàkò mi ọ̀tún, kó mú un wálé fún mi! Ogójì ọdún ni mo ti ń wá a, Bẹ́líìtì ti rí i, ó ti bá mi fi tẹ̀wé!"

Gbogbo àdúgbò rẹ́rìn-ín. Obìnrin oníbàtà rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ni wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ san.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, wọ́n wọlé tọ Bàbá Káfíńtà. Wọ́n fọ́ gbogbo àga tó ti kàn, wọ́n tú ibùsùn, wọ́n dà á dojú bolẹ̀, wọn ò rí ìwé náà. Ni ọ̀kan nínú wọn bá fò sókè, ó fi bàtà méjèèjì balẹ̀ sórí orúnkún àgbàlagbà náà.

Ní nǹkan bí aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ tó tẹ̀lé e ni wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù. Àwọn mẹ́ta ni: Bẹ́líìtì, ọkùnrin gíga kan tí eyín iwájú rẹ̀ ti kán, àti èkejì rẹ̀ tó kúrú tó sì nípọn bí ìtì igi. Oníbàárà kan tó wà níbẹ̀ sá gba abẹ́ apá wọn jáde.

"Bàbá, ẹ ní kò ṣẹ́kù," ni Bẹ́líìtì wí pẹ̀lẹ́.

"Ọ̀gá, mo... ìwé yẹn wọ́ ni. Ó ti bàjẹ́. Mo..."

Irin bẹ́líìtì ló bà á lẹ́nu. Ó gbọ́ tí eyín rẹ̀ dún nínú orí ara rẹ̀. Ó ṣubú lu tábìlì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bọ́ sílẹ̀, ike ìyẹ̀fun dúdú tí wọ́n fi ń tẹ̀wé fọ́, ó tú sí gbogbo yàrá. Nínú òkùnkùn eruku yẹn, bẹ́líìtì ń wá a kiri. Ẹ̀yìn. Etí. Ẹ̀yìn ọwọ́ tó fi bo etí. Kúkúrú gbé àga, ó là á mọ́ gíláàsì ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì lẹ́ẹ̀mẹta. Gíga gbá Màámi létí, ó sì fa irun rẹ̀ títí wọ́n fi dé ibi ẹ̀rọ ìgéwèé.

"Ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀! Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́! Èmi ni mo ṣe é!"

Bẹ́líìtì mú ọwọ́ ọ̀tún ọmọ náà, ó tẹ́ ìka mẹ́rin sábẹ́ abẹ, bí ẹni tó ń tún ìwé tò kó tó gé e. Ó fa apá irin náà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Abẹ bà á. Ilà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ lórí ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Màámi ò ké. Ó kàn ń mí bí ẹni tó sáré.

"Má gbọ̀n o, àbúrò. Ọwọ́ mi ló wà lórí irin yìí."

Ìtọ̀ gbóná sọ̀ kalẹ̀ lẹ́sẹ̀ Mẹ́sẹ́njà. Ó rí i tí Gíga rí i. Gíga rẹ́rìn-ín.

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa," ni Bẹ́líìtì wí. "Mo ti ṣe ìwé mìíràn. Àtàǹpàkò òsì ló wà lórí ìyẹn, ó sì ti wà ní kọ́ọ̀tù. Ọ̀la ni adájọ́ máa wò ó. Ṣùgbọ́n bí ìwé méjèèjì bá pàdé lójú adájọ́, ọ̀kan á ní òun ò mọ èkejì rí. Aago méjì ọ̀sán òní ni wọ́n ń pa wíńdò tí wọ́n ti ń gba ìwé. Káfíńtà fẹ́ràn yín, ó gbà yín gbọ́. Ẹ lọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí aago méjì bá lù tí mi ò rí i, màá padà wá fa irin yìí délẹ̀. Ẹ má sì gbé ọmọ yìí pa mọ́ sílé ẹ̀gbọ́n yín obìnrin. Mo mọ ilé náà, mo mọ àwọ̀ ìlẹ̀kùn rẹ̀."

Ó gbé irin náà sókè. Wọ́n jáde. Lójú àtẹ̀gùn, Kúkúrú dúró láti nu bàtà rẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà.

Màámi wé aṣọ mọ́ ìka rẹ̀. Mẹ́sẹ́njà fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ̀jẹ̀ ló jáde.

"Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ lọ gbà á?"

"Kí ni kí n ṣe?"

"Ilé bàbá yẹn ni o. Kò ní òmíràn."

"Ìwọ náà, ṣé o ní ìka mìíràn?" Ohùn rẹ̀ ga ju bó ṣe fẹ́ lọ. "Pa ilẹ̀kùn onírin yìí dé. Fi irin dábùú rẹ̀. Ẹni yòówù kó pè ọ́, bó jẹ́ èmi, tó o bá gbọ́ ohùn ẹlòmíràn pẹ̀lú mi, má ṣí i."

Ó bá Bàbá Káfíńtà nílẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó na ẹsẹ̀ kan síwájú, orúnkún rẹ̀ ti wú bí ìbẹ́pẹ.

"Mẹ́sẹ́njà, ìwọ ni? Wọlé. Rọra gbẹ́sẹ̀, àga mi ló di igi ìdáná yẹn."

"Bàbá, ẹ kú ìjàǹbá."

"Ìjàǹbá kọ́, bàtà ni." Ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. "Kí ló ṣe ojú rẹ?"

"Mo ṣubú, Bàbá."

"Ilẹ̀ wo ló ní bẹ́líìtì?"

Mẹ́sẹ́njà jókòó sórí àjákù àga. Ó ní ẹ̀yìn ìwé ni òun rò pé ó jẹ́. Ó ní òun ló fa gbogbo rẹ̀.

"Ẹ̀yìn ìwé yẹn ló yọ mí," ni àgbàlagbà náà wí. "Ká ní o ya á ni, ọ̀la ni wọn ì bá da ẹrù mi síta, mi ò sì ní í mọ ẹni tó tà mí. Wọ́n ní kó o wá gbà á lọ́wọ́ mi, àbí?"

Mẹ́sẹ́njà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀.

"Ó ní ìka ọmọ mi ni òun máa gé, Bàbá."

Bàbá Káfíńtà mí kanlẹ̀. Ó nawọ́ fa tábìlì kékeré kan tó ṣì dúró sún mọ́ra, ó dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó yí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan bí ẹni tó ń yí ìdérí ìgò. Ẹsẹ̀ náà bọ́. Ó ní ihò nínú. Ó fa ìwé náà jáde.

"Akọ̀wé kọ́ọ̀tù tí mo pè lórí fóònù ní kí n mú un wá lónìí kí wọ́n tó pa wíńdò. Ó ní òun ò gba ẹ̀dà ẹ̀dà, ìwé yìí gan-an lòun fẹ́. Ẹsẹ̀ mi nìyí. Mi ò lọ́mọ nítòsí. Gbà á. Ibi tó bá wù ọ́ ni kó o gbé e lọ, mi ò ní ẹsẹ̀ tí màá fi tẹ̀lé ọ."

Mẹ́sẹ́njà gbà á. Ọdún méjìlélógún ló sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun ti lanu: "Ta ni ẹni tó máa gbà á, Bàbá?"

"Wíńdò kẹta. Ọkùnrin tó ní awò lójú."

Ó bọ́ síta. Kí n sọ òtítọ́ fún yín, ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ló gbà. Ìwé wà lábẹ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó ń jó o láyà. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ilé ṣeé kọ́, ìka ò ṣeé kọ́. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó dé kọ̀rọ̀ ọkùnrin onítúnaago, ó yọjú. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wà níbẹ̀. Gíga ń fi òkúta lu ilẹ̀kùn onírin, Kúkúrú ti gbé irin kan bọ abẹ́ rẹ̀, ó ń tú u. Bẹ́líìtì jókòó sórí àtẹ̀gùn, bẹ́líìtì wà lórí itan rẹ̀.

Mẹ́sẹ́njà wo ògiri onítúnaago. Aago tó wà níbẹ̀ lé ní ogún, gbogbo wọn ní aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ó ku àádọ́ta ìṣẹ́jú kí aago méjì lù. Ẹni tí kò lè dúró de aago, ṣé òun ló máa dúró lórí àdéhùn? Ó wá yé e. Bí wọ́n bá gba ìwé, òun àti ọmọ òun á kù tó lè jẹ́rìí ibi tí ìwé ti jáde. Àwọn tó ń fọ́ gíláàsì lẹ́ẹ̀mẹta ò ní í fi wọ́n sílẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó lè mú kí wọ́n má nílò ìka ọmọ rẹ̀ mọ́ ni kí ìwé ti kúrò níbi tí ìka lè gbà á padà.

Ẹ má sọ pé akin ni. Ẹ̀rù ló yí i padà, ẹ̀rù náà ló gbé e sáré. Ẹni tó ti lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún, tí egungun ìhà rẹ̀ ń gún un bó bá ti mí, ó sáré bí ẹni tí ajá ń lé.

Ọkùnrin tó ní awò lójú gba ìwé náà ní wíńdò kẹta. Ó yí i padà, ó kà á, ìlà sí ìlà. "Àtàǹpàkò ọ̀tún... Àwọn ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i..." Ó ka orúkọ méjì jáde. "Orúkọ kan náà ló wà lórí èyí tó kọ́kọ́ wá. Bàbá, ẹ̀jẹ̀ yín ń kán sórí tábìlì mi. Ẹ jókòó, kí n pe ọlọ́pàá."

"Ẹ lu òǹtẹ̀ sí i ná. Ẹ fún mi ní ìwé pé ẹ gbà á."

"Bàbá, ẹ fẹ́ kú o."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lu òǹtẹ̀."

Akọ̀wé lu òǹtẹ̀. Ó fún un ní abala ìwé kékeré kan. Nígbà tó fi máa gbé fóònù sétí, Mẹ́sẹ́njà ti dé ẹnu géètì.

Ilẹ̀kùn onírin ti tẹ̀ nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì ṣí. Wọ́n rí i bó ṣe ń bọ̀. Bẹ́líìtì dìde.

"Bàbá wa ti dé. Ìwé dà?"

"Mo ti jíṣẹ́ náà."

"Kí lẹ wí?"

"Mo ti gbé e débi tó ń lọ. Kọ́ọ̀tù. Wọ́n ti lu òǹtẹ̀."

Bẹ́líìtì ká bẹ́líìtì mọ́ ọwọ́, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ mọ́. Ó lù ú lójú, ó lù ú lọ́rùn, nígbà tó ṣubú ó fi ẹsẹ̀ tẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ etí àtẹ̀gùn, egungun dún. "Sọ fún un kó ṣílẹ̀kùn! Sọ fún un!"

"Bàbá!" ni igbe Màámi nínú lọ́hùn-ún. Wọ́n gbọ́ tí irin ìdábùú ń yẹ̀.

"Má ṣí i!" Kò mọ ibi tó ti rí ohùn. "Màámi, má ṣí i! Bí mo bá kú, má ṣí i!"

"Sọ fún un kó ṣí i!"

"Mi ò ní í sọ. Mi ò... ní í sọ."

Bẹ́líìtì gbé ọwọ́ sókè. Gíga di ọwọ́ náà mú.

"Ọ̀gá, ẹ dúró ná. Ìwé wo ló wà ní kọ́ọ̀tù? Ṣé èyí tí àwa méjèèjì fọwọ́ sí gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí?"

"Fi mí sílẹ̀."

"Ẹ ní ẹ ti sun ún! Ẹ ní ẹ̀dà kankan ò sí níta! Orúkọ tí ìyá mi sọ mí ló wà níbẹ̀!"

"Wọ́n ka orúkọ yín," ni Mẹ́sẹ́njà wí láti ilẹ̀. "Méjèèjì. Ó ń pe ọlọ́pàá nígbà tí mo kúrò níbẹ̀."

Bẹ́líìtì já ọwọ́ rẹ̀ gbà, ó yí padà, ó fi irin bẹ́líìtì lu Gíga lójú. Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn. Irú ìyà tí Gíga ti ń bá a fi jẹ àwọn ẹlòmíràn, ó dà á padà sí i lára lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fi orí gbá a nímú. Ó gbé e, ó là á mọ́ ilẹ̀kùn onírin tó ti ń lù láti ẹ̀ẹ̀kan, ó tún gbé e, ó tún là á mọ́ ọn. Kúkúrú ò là wọ́n. Ó ju irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó wò wọ́n fún ìṣẹ́jú kan, ó sá. Nígbà tí Gíga rí i pé òun nìkan ló kù, ó fi ẹsẹ̀ gbá ọ̀gá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i nínú ìhà, ó gba ọ̀nà mìíràn lọ.

Bẹ́líìtì wà lórí ìkúnlẹ̀. Imú rẹ̀ ti yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ojú rẹ̀ àti ojú Mẹ́sẹ́njà pàdé, àwọn méjèèjì nílẹ̀, kò ju apá kan lọ láàárín wọn. Mẹ́sẹ́njà ò lè sún. Ó ń retí rẹ̀. Ọkùnrin náà tu ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ó di ògiri mú, ó dìde, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ sápá ibi tí Kúkúrú sá gbà, ó yà ní kọ̀rọ̀ onítúnaago. Obìnrin oníbàtà ti ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀ díẹ̀, ó ń yọjú.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, irin ìdábùú dún. Màámi jáde, aṣọ pupa wà lórí ìka rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó gbé orí bàbá rẹ̀ sórí itan.

"Mo ní kó o má ṣí i."

"Wọ́n ti lọ, Bàbá."

"Wo kọ̀rọ̀ yẹn."

Ó wò ó. "Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀."

Ọwọ́ Mẹ́sẹ́njà tó kán ti ń wú. Ó fi èkejì di apá ọmọ rẹ̀ mú, ó dì í pinpin, ó ka ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lábẹ́ aṣọ náà, mẹ́rin àti àtàǹpàkò. Gbogbo wọn pé.

"Màámi, tún un wò."

Ó dìde, ó lọ títí dé kọ̀rọ̀, ó tún un wò.